Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Fún Ẹni Tó Fẹ́ Di Olùwádìí Nínú Iṣẹ́ Ọpọlọ àti Kọ̀ǹpútà

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sábà máa ń béèrè àwọn ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, àwọn òbí wọn náà sì máa ń béèrè tiwọn. Mo dáhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, mo sì fi èrò tèmi kún un níbi tí mo bá ní in.

Kí ni BCI gan-an? Ṣé wọ́n ń ka ọkàn èèyàn ni?

Rárá o. BCI (brain-computer interface) ni orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń pe ètò tó ń gba iná tí ọpọlọ ń ṣe, tó ń fi kọ̀ǹpútà túmọ̀ rẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ di iṣẹ́: kí atọ́ka sún lójú kọ̀ǹpútà, kí lẹ́tà kan jáde, kí apá ẹ̀rọ gbé ife. Nọ́rọ̀nù, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn, tó wà nínú ọpọlọ èèyàn tó bílíọ̀nù 86, iná kékeré sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé mọ́, ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń pàṣẹ pé kí ọwọ́ gbéra. Àṣẹ náà ni kò rí ọ̀nà dé ibi tó ń lọ. Àṣẹ yẹn la ń wá, èyí tí ẹni náà fúnra rẹ̀ fẹ́ kó jáde. Ọ̀rọ̀ àṣírí ọkàn máa yọjú ní ìsàlẹ̀, ẹ ní sùúrù.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Hans Berger, dókítà àrùn ọpọlọ ní ìlú Jena ní Jámánì, ló kọ́kọ́ gba iná ọpọlọ èèyàn sílẹ̀, ní 1924. Ó tó ọdún márùn-ún kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ní 1969, Eberhard Fetz ní Seattle fi hàn pé ọ̀bọ lè kọ́ bó ṣe máa mú kí nọ́rọ̀nù kan ṣoṣo nínú ọpọlọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ kíákíá sí i, bó bá ṣáà ti rí èrè gbà. Mo fẹ́ràn ìdánwò yẹn ju ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé e lọ, torí ó fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń kẹ́kọ̀ọ́. Ọpọlọ náà ń kẹ́kọ̀ọ́ bó ṣe máa lo ẹ̀rọ.

Jacques Vidal ní yunifásítì UCLA ló fún iṣẹ́ yìí lórúkọ tó ń jẹ́ dòní, ní 1973. Ní 1988, Farwell àti Donchin ṣe pátákó lẹ́tà kan tí ìlà àti òpó rẹ̀ ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń lò ó á tẹjú mọ́ lẹ́tà tó fẹ́; bí èyí bá tàn, iná ọpọlọ rẹ̀ á ru sókè ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn náà. Lẹ́tà méjì àti díẹ̀ ló ń jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ó falẹ̀, àmọ́ fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ rárá, lẹ́tà méjì kì í ṣe nǹkan kékeré.

Neural network ńkọ́? Ṣé ọpọlọ ni wọ́n wò ṣe é?

Neural network ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àpẹẹrẹ kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n wo ọpọlọ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gba ọ̀nà tiwọn lọ. McCulloch àti Pitts ló kọ́kọ́ fi ìṣirò ṣàpèjúwe nọ́rọ̀nù ní 1943. Rosenblatt gbé perceptron, network kékeré ti ìbẹ̀rẹ̀, jáde ní òpin àwọn ọdún 1950. Ní 1980, Fukushima ní Japan ṣe network tó ń mọ àwòrán, ohun tí Hubel àti Wiesel, àwọn olùwádìí nípa ìríran, rí nínú ọpọlọ ológbò ló sì fún un lérò. Ọdún 1986 ni Rumelhart, Hinton àti Williams sọ ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ network onípele púpọ̀ di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀: a fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án, àṣìṣe náà á máa padà sẹ́yìn láti ìpele dé ìpele, nọ́ńbà inú rẹ̀ á sì máa yí díẹ̀díẹ̀.

Nínú BCI, iṣẹ́ network ni ìtumọ̀. Iná ọpọlọ wọlé lápá kan, àṣẹ jáde lápá kejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi láti ìbẹ̀rẹ̀: network kọ́ ni apá tó le jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá wá torí network nìkan máa tètè sú. Iṣẹ́ gidi wà lára àmì iná náà, àti lára ẹni tó gbé e sórí.

Ṣé dandan ni kí wọ́n la agbárí?

Rárá, àmọ́ ohun tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ló ń sọ bí ẹ ṣe máa sún mọ́ ọn tó. EEG ni ti ìta: elẹ́kítíróòdù, irin kékeré tó ń gba iná, jókòó sórí awọ orí, kò sí abẹ, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń gbà kéré gan-an, ìdá 10 sí 100 nínú mílíọ̀nù volt kan, torí egungun àti awọ ti bo ọ̀pọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ògiri tó ń gbọ́ ariwo ayẹyẹ: ó mọ ìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́, kò mọ ohun tí ẹnì kan sọ.

Ti èkejì ni pẹrẹsẹ elẹ́kítíróòdù tí wọ́n ń tẹ́ sórí ọpọlọ lábẹ́ agbárí. Ti ẹ̀kẹta ni èyí tó wọnú ọpọlọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ti lò ni ti Richard Normann ní yunifásítì Utah, pátákó kékeré tí kò ju mìlímítà 4 níbùú àti lóròó, tó ní abẹ́rẹ́ 100. Bí 96 nínú wọn bá ń gba àmì ní ìgbà 30,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nọ́ńbà tó ń wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ilé-iṣẹ́ Synchron ń tọ̀: wọ́n ń ti elẹ́kítíróòdù gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ, wọn ò la agbárí rárá. Ó mọ́gbọ́n dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń gbọ́ kò pọ̀ tó ti inú.

Ibo ni iṣẹ́ náà dé?

Ní 2004, ẹgbẹ́ BrainGate tí John Donoghue ní yunifásítì Brown wà nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ fi pátákó oníabẹ́rẹ́ yẹn sórí ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ọrùn rẹ̀ fara pa. Ó fi ọpọlọ darí atọ́ka kọ̀ǹpútà. Ní 2012, wọ́n tẹ ti obìnrin kan jáde tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti sọ di aláìlègbéra fún ọdún tó sún mọ́ 15. Ó fi èrò rẹ̀ darí apá ẹ̀rọ, ó gbé ìgò kọfí, ó sì mu ún. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí nínú iṣẹ́ yẹn ni pé elẹ́kítíróòdù náà ti lé ní ọdún márùn-ún lórí rẹ̀, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni network wá gba eré. Ní 2021, Frank Willett àti Krishna Shenoy pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn ní Stanford bá ọkùnrin kan ṣiṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé mọ́. Ó ń fọkàn ro pé òun ń fi ọwọ́ kọ̀wé, lẹ́tà 90 sì ń jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ní 2023, ẹgbẹ́ Stanford sọ pé àwọn rí ọ̀rọ̀ 62 ní ìṣẹ́jú kan látinú ìgbìyànjú láti sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ Edward Chang ní San Francisco rí 78, wọ́n sì fún obìnrin tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ní ohùn àti ojú lórí kọ̀ǹpútà. Ní 2024, ẹgbẹ́ kan ní UC Davis fi elẹ́kítíróòdù 256 sórí ọkùnrin kan tó ní ALS, àrùn tó ń pa àwọn nọ́rọ̀nù tó ń darí iṣan, ọ̀rọ̀ tó sì ń tọ̀nà dé 97.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Neuralink fi tirẹ̀ sórí ẹni àkọ́kọ́, elẹ́kítíróòdù 1,024 lórí okùn tín-ín-rín 64. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú okùn náà fi fà sẹ́yìn kúrò nínú ọpọlọ, wọ́n sì ní láti tún ọ̀nà ìtumọ̀ ṣe. Ọpọlọ kì í dúró sójú kan, ó ń mì pẹ̀lú èémí àti ìlù ọkàn.

Kí ni kí n kọ́ ní yunifásítì?

Ẹnu ọ̀nà pọ̀. Dókítà ni Berger. Shenoy kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Hopfield, tí òun àti Hinton jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní 2024, onífísíìsì ni. Hinton fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwà àti èrò ẹ̀dá. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀ka yín ti tì yín síta.

Àwọn ohun mẹ́rin kan wà tí ẹ ò lè yẹra fún, ibi yòówù kẹ́ ẹ ti wọlé: ìṣirò ti mátríìsì àti ti àìdánilójú, kóòdù kíkọ (èdè kóòdù Python ló pọ̀ jù), bí àmì iná ṣe ń rìn àti bí a ṣe ń yọ ariwo kúrò nínú rẹ̀, àti ìmọ̀ ọpọlọ tó tó láti mọ̀ pé apá tó ń darí ọwọ́ kọ́ ló ń ríran. Èyí tó kẹ́yìn yẹn làwọn oníkóòdù sábà máa ń fò, ó sì máa ń hàn nínú iṣẹ́ wọn.

Mi ò ní ẹ̀rọ kankan. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀?

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Dátà tí wọ́n gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀. Lórí ìkànnì PhysioNet, EEG àwọn èèyàn 109 wà níbẹ̀, tí wọ́n fi elẹ́kítíróòdù 64 gbà nígbà tí wọ́n ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tàbí tí wọ́n kàn ń rò pé àwọn ń gbé e. Dátà ìdíje BCI Competition IV náà wà, èèyàn mẹ́sàn-án péré ni, ó sì mọ́ tónítóní fún alákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fi MNE-Python, ètò kọ̀ǹpútà fún irú dátà yìí, ṣí i. Ẹ má fọwọ́ kan network fún oṣù àkọ́kọ́. Ẹ kàn máa wo àmì náà lójú kọ̀ǹpútà títí ẹ fi máa dá ìgbì tí ojú ń dá nígbà tó bá ṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ìgbì ọpọlọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Neural network tí mo kọ́ ń gba 98 nínú 100. Ṣé mo ti ṣe àwárí ńlá?

Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi: báwo lẹ ṣe pín dátà yín?

Ohun tí mo máa ń rí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á gé àkọsílẹ̀ kan sí wẹ́wẹ́, á po gbogbo rẹ̀ pọ̀, á wá ṣa díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìdánwò. Wẹ́wẹ́ méjì tó tẹ̀ léra fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra wọn. Bí ọ̀kan bá wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ network, tí èkejì wà níbi ìdánwò, a jẹ́ pé ó ti rí ìdáhùn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni kí àléébù ti wà nínú bí wọ́n ṣe gba dátà. Ká ní wọ́n fi gbogbo àwòrán ajá han ẹnì kan tán pátá kí wọ́n tó bọ́ sórí àwòrán ológbò. Láàárín ìgbà yẹn, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi so elẹ́kítíróòdù mọ́ orí rẹ̀ ń gbẹ, oorun ń kùn ún, ara rẹ̀ ń le lórí àga. Network á kọ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ìparí, kò ní mọ nǹkan kan nípa ajá. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde; àwọn mìíràn tún un ṣe, wọ́n po àwòrán náà pọ̀, òye ẹ̀rọ náà sì pòórá.

Ojú tún wà níbẹ̀. Ìgbì tí ojú ń dá nígbà tó bá ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè tóbi ju ìgbì ọpọlọ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bí ẹni tẹ́ ẹ ní kó ro ọwọ́ òsì bá ń yíjú sí òsì láìmọ̀, ìyíjú ni network yín ń kà. Ẹ̀rín, eyín tó pa pọ̀, iwájú orí tó ṣù, gbogbo wọn ló ń wọlé.

Nítorí náà, ẹ fi dátà ọjọ́ kan kọ́ ọ, kẹ́ ẹ fi ti ọjọ́ mìíràn dán an wò. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ẹnì kan kúrò pátápátá, kẹ́ ẹ fi tirẹ̀ dán an wò. Ẹ fi ọ̀nà ìṣirò àtijọ́ tí kò le ṣe ohun kan náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá network ju ú lọ lóòótọ́. Bó bá jẹ́ yíyan láàárín nǹkan méjì, ẹ rántí pé ẹni tó kàn ń méfò náà á gba bí 50. Bí 98 bá wá di 64, 64 yẹn ni iṣẹ́ yín. Ẹ kọ ọ́ síta.

Báwo ni ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣe ń rí?

Mo máa sọ ti EEG, torí òun lọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ ó fi téèpù wọn orí ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, láti ọ̀gbun òkè imú dé ibi tó ga lẹ́yìn orí, àti láti etí dé etí, torí gbogbo ayé ló ń lo ìwọ̀n kan náà láti gbé elẹ́kítíróòdù sí àyè rẹ̀. Ẹ ó dé fìlà fún un. Ẹ ó wá mú sírínjì tí ẹnu rẹ̀ kò mú, ẹ ó máa ya irun sọ́tùn-ún sósì nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa tẹ jẹ́ẹ̀lì sí i títí yóò fi kan awọ orí, ẹ ó sì máa wo nọ́ńbà tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà lójú kọ̀ǹpútà bóyá ó ti wálẹ̀. Nígbà tó bá ku ẹyọ kan tó kọ̀ tí kò wálẹ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá ẹ ní sùúrù.

Àwọn tó ṣe ọ̀pọ̀ fìlà yìí kò ro irun tó nípọn tàbí irun dídì, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń yọ àwọn onírun bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwádìí láìsọ ọ́ síta. Àwọn olùwádìí ní Carnegie Mellon ti ṣe elẹ́kítíróòdù tó ń jókòó sáàárín irun dídì ní 2020. Ó pẹ́ kí irú rẹ̀ tó dé, lójú tèmi.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti jókòó, ẹ ní kó di ojú. Bí ìgbì 8 sí 13 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bá yọ lẹ́yìn orí, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tó ń súni á wá bẹ̀rẹ̀: ọfà tó ń yọ, ẹni tó ń ronú, ìsinmi, ọfà mìíràn. Ìdajì ọjọ́ lè lọ síbẹ̀. Ọjọ́ tó kù, kóòdù ni. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ ó bá a fọ orí.

Ọdún mélòó ni oyè ọ̀mọ̀wé ń gbà?

Mẹ́rin sí mẹ́fà ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwádìí lábẹ́ ọ̀gá mìíràn á sì tún gba bí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ wo ọ̀gá kí ẹ tó wo orúkọ yunifásítì. Ẹ bá àwọn tó ti kúrò lábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ kò lè sọ gbogbo rẹ̀ fún yín.

Yunifásítì tàbí ilé-iṣẹ́?

Ilé-iṣẹ́ ní owó àti ẹ̀rọ, àwọn onímọ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń rán abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sínú ọpọlọ sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ lè ṣe ohun tó dára kẹ́ ẹ má lè sọ ọ́ síta. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nílò àpilẹ̀kọ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, nítorí náà mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sí yunifásítì.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbé e sórí nígbà tí ìwádìí bá parí?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí ẹ béèrè níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kẹ́ ẹ sì fetí sí bí wọ́n ṣe dáhùn. Àwọn afọ́jú tó lé ní 350 ló gbé ojú ẹ̀rọ Argus II ti ilé-iṣẹ́ Second Sight. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kó sí wàhálà owó ní 2020, ẹ̀rọ wà lójú àwọn èèyàn, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa pè mọ́ bó bá bàjẹ́. Ta ló máa sanwó iṣẹ́ abẹ láti yọ ọ́? Ta ló máa tún kóòdù ṣe? Ìwé ìyọ̀ǹda tí ẹni náà fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ dáhùn, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí sì gbọ́dọ̀ rí i pé ó dáhùn. Abẹ fúnra rẹ̀ lè fa àkóràn tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ, kò yẹ ká fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ta ló ni dátà ọpọlọ mi?

Orílẹ̀-èdè Chile tún òfin àgbà wọn ṣe ní 2021 láti dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ èèyàn. Ní 2023, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ kan pa dátà ọpọlọ oníbàárà rẹ̀ rẹ́. Níbi tí kò bá sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ìwé tí ẹ tẹ "mo gbà" sí láìkà ni òfin yín.

Fìlà tí wọ́n ń tà fún géèmù àti ìfọkànbalẹ̀ ńkọ́?

Elẹ́kítíróòdù díẹ̀ ni, iwájú orí ló sì sábà máa ń wà, ibi tí ojú àti iṣan ti ń pariwo jù. Ó dára fún kíkọ́ ọwọ́. Ẹ má fi ṣe ìpinnu nípa ìlera ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ wo ló ṣì kù fún àwọn tó ń bọ̀?

Ó pọ̀. Àmì iná máa ń yí láti ọjọ́ dé ọjọ́, torí náà a fẹ́ network tó ń tún ara rẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé oníbàárà ní láti jókòó kọ́ ọ ní gbogbo òwúrọ̀. Ìmọ̀lára náà wà: ọwọ́ ẹ̀rọ tí kò lè sọ fún ọpọlọ pé òun ti di nǹkan mú máa ń fọ́ nǹkan, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń dá iná díẹ̀ padà sínú apá ọpọlọ tó ń mọ ìfọwọ́kàn.

Èyí tó wù mí jù ni ti èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn network tó ń sọ iná ọpọlọ di ọ̀rọ̀, níbi tí gbígbé ohùn sókè kì í sọ ọ̀rọ̀ kan di òmíràn. Apá ọpọlọ tó ń darí gògóńgò láti gbé ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀ ti di mímọ̀, wọ́n sì tẹ ìgbìyànjú kan jáde lórí Mandarin ní 2023. Àmọ́ ohùn Mandarin sábà máa ń lọ sókè tàbí kó já wálẹ̀ lórí sílébù kan náà, tiwa sì ń dúró sí òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀, tí ti ìsọ̀rọ̀ lódindi á tún máa sún gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ bí gbólóhùn ṣe ń lọ. Network tí wọ́n kọ́ fún wọn kò lè ṣe tiwa bó ṣe wà. Ẹni tó máa ṣe é nílò àkọsílẹ̀ ohùn tí wọ́n fi àmì ohùn sí dáadáa, ìṣirò gògóńgò tó péye, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ tó ṣe tán láti bá a jókòó fún oṣù bíi mélòó kan.